Ṣé ẹni tí kò rí àwọ̀n ní gbogbo ọdún lè rí i lọ́jọ́ tó le?

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí ọ̀rọ̀ ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè náà rèé. Ẹni iwájú kan wà nínú ẹgbẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbá góòlù wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin, góòlù kò wá. Nígbà tí ìdíje bá wá dé ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè di ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbójú lé? Àbí kí kóòṣì fi í jókòó, kó sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀?

Eré tí à ń sọ kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀. Họ́kì orí yìnyín ni, ti Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwa mẹ́ta tá a jọ ń gbé ilé àwọn olùkọ́ la máa ń wò ó lórí fóònù kan ṣoṣo, ní èdè Faransé àwọn ará Québec, nítorí àbúrò ọ̀kan nínú wa tó ń gbé Montréal ló fi hàn wá. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́hùn-ún, aago kan òru ti lù níbí. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wá rẹ́rìn-ín: "Mẹ́tírì, ṣé yìnyín tá a fi ń mu bísáàpù náà lẹ torí rẹ̀ ń ṣàìsùn?" A ní kò burú. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Fún ẹni tí kò wò ó rí: ènìyàn 6 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín, aṣọ́lé kan àti àwọn 5 tó ń sáré lórí bàtà onírin. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan. Nínú líìgì tó ga jù, tí wọ́n ń pè ní NHL, eré tó lé ní 80 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ 16 á wọ ohun tí àwọn ará Québec ń pè ní séries. Ẹgbẹ́ méjì á máa kojú ara wọn títí ọ̀kan á fi borí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ife Stanley gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ má sì rò pé eré òyìnbó nìkan ni. Jarome Iginla wà níbẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti Nàìjíríà lọ sí Kánádà. Adékúnlé wà nínú àwọn orúkọ rẹ̀, Iginla náà sì ni Igi ńlá tí gbogbo wa mọ̀. Góòlù 21 ló ní lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú líìgì. Lọ́dún kejì, ó já sí 13. Ká ní wọ́n ti lé e lọ nígbà yẹn ni, Calgary ì bá má rí góòlù 52 tó gbá ní 2001-2002, wọn ì bá má sì rí 13 tó gbá ní séries 2004, nígbà tó gbé wọn dé eré tó kẹ́yìn pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tampa Bay ló gba ife.

Ṣùgbọ́n Iginla, ẹ̀bùn ńlá ni tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Claude Lemieux, ọmọ Québec ni. Nínú sáà tó parí ní 1995, aáwọ̀ láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn òṣèré sọ eré 84 di 48. Lemieux gbá 45 nínú rẹ̀ fún New Jersey, góòlù 6 péré ló ní. Nígbà tí séries dé, ó gbá eré 20, ó sì ní góòlù 13. Kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. New Jersey gba ife, wọ́n sì fún Lemieux ní àmì-ẹ̀yẹ Conn Smythe, ti ẹni tó ta yọ jù ní séries. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní iṣẹ́ ìyanu ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rántí pé ní 1986, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní Montréal, góòlù 10 ló gbá ní séries tí wọ́n fi gba ife, àti pé ní 1991-1992, góòlù 41 ló ní lọ́dún kan. Odò tó ti ṣàn rí ni; ẹ̀ẹ̀rùn ló mú un gbẹ.

John Druce ńkọ́? Ní 1990, góòlù 8 ló ní nínú eré 45 fún Washington. Nígbà tí séries dé, ó gbá 14 wọlé nínú eré 15. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe dáadáa díẹ̀ sí i, góòlù 22. Ṣùgbọ́n irú séries bẹ́ẹ̀ kò padà wá mọ́ títí ó fi fi eré sílẹ̀.

Ẹnì kẹta ni Devante Smith-Pelly, ọmọ Kánádà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ní 2017, New Jersey san owó kí wọ́n lè já àdéhùn rẹ̀. Washington mú un ní owó kékeré. Ní oṣù kejì ọdún 2018, nígbà tí wọ́n lọ gbá ní Chicago, àwọn òǹwòran kan ń pariwo "basketball" sí i nítorí àwọ̀ rẹ̀, títí wọ́n fi lé wọn jáde. Góòlù 7 ló fi parí eré 75 lọ́dún náà. Ní séries, ó tún gbá 7 wọlé, nínú eré 24 péré. Nínú ìfigagbága tó kẹ́yìn pẹ̀lú Vegas, ó gbá góòlù wọlé nínú eré kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, Vegas ló ń ṣíwájú pẹ̀lú 3 sí 2. Òun ló sọ ọ́ di ọ̀mì, Washington sì borí pẹ̀lú 4 sí 3. Ife Stanley àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà nìyẹn. Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀: ní 2014, ní Anaheim, góòlù 2 nínú eré 19, lẹ́yìn náà 5 nínú eré 12 ní séries.

Kí ló fà á? Ohun mẹ́ta la rí.

Èkíní, oríire wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ta rọ́bà sí aṣọ́lé nígbà 100, bíi 9 tàbí 10 ló ń wọlé. Ẹni tó bá ta á nígbà 40 ní séries, 4 ló yẹ kó rí. Ó lè rí 1, ó sì lè rí 9, láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ yí padà.

Èkejì, ibi tí góòlù ti ń wá yí padà. Ní séries, àyè kì í sí mọ́. Wọ́n ń fún àwọn ọlọ́gbọ́n ọwọ́ lọ́rùn. Iwájú aṣọ́lé gan-an, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gún ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni rọ́bà ti ń ta padà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti dúró síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọjọ́ tirẹ̀ ló dé yẹn.

Ẹ̀kẹta, kóòṣì tó ṣì ń rán an wọlé. Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì kò lè gbá ohunkóhun.

Nítorí náà, góòlù nìkan kọ́ ló yẹ ká kà. Ṣé ó ṣì ń ta rọ́bà? Ṣé ó ṣì ń lọ síbi tó ń dun ni? Ṣé ó ti ṣe é rí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a lè ní sùúrù. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ń sá fún iwájú aṣọ́lé, séries kò ní wò ó sàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ ti wọlé nìyí. Ọmọbìnrin kan wà ní CM2 wa lọ́dún yìí. Nínú ìdánwò méjì tó kọjá, 8 lórí 20 ló ní. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba: bí kò bá gba CEP ní oṣù kẹfà, ilé aránṣọ ló ń lọ. Àwọn kan láàárín wa ní ká gbájú mọ́ àwọn tó dájú, kí iye àwọn tó yege lè pọ̀.

A kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, a sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ó ń kọ gbogbo iṣẹ́, kò fi ojú ewé kankan sílẹ̀ lófo. Nínú ìṣirò, ọ̀nà tó ń gbà tọ̀nà. Ìyọkúrò tó kẹ́yìn ló ń ṣì. Ìṣirò tó le jù, kì í fò ó. Ní CM1, 13 ló ní. Ohun tó yí padà ni pé ìyá rẹ̀ ṣàìsàn ní oṣù kejìlá, òun ló ń gbé àkàsà kiri kó tó wá sí kíláàsì. Odò tó ti ṣàn rí ni òun náà.

A lọ bá bàbá náà nílé. A ní: "Bàbá, a ò ṣèlérí fún yín pé yóò yege. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a gbé àkàsà títí di oṣù kẹfà. Bí kò bá sì yege, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún CM2 kà." Bàbá dákẹ́ títí, ó wá ní: "Mo ti gbọ́ yín, mẹ́tírì." Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ìyàtọ̀ kan ló wà tó ń kó wa lọ́kàn sókè. Ẹni tí kóòṣì họ́kì fi jókòó lónìí, ó lè pè é lọ́la. Ọmọ ọdún 12 tó bá kúrò ní kíláàsì, ta ni yóò pè é padà? Nítorí náà, ní ti ọmọ, ó yẹ kí sùúrù wa ju ti kóòṣì lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí wọ́n ti fi jókòó rí tí ẹ sì padà dìde: kí ni ẹ rí sí i? Ẹ bá wa dá sí i.