Ekòló Tàbí Ìyẹ́ Àkùkọ?

Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ni ọmọdé Ìlá-Ọ̀ràngún ti máa ń wa ekòló, tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí omi kì í tán. Ọkọ́ kan, agolo mílíìkì òfìfo kan, àti ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ dúdú tí wọ́n á fi bò ó kí oòrùn má baà pa á. Bí ọ̀pá ọparun bá ti wà, tí okùn ọ̀rá, ìwọ̀ ọjà àti ègé pòpórò àgbàdo tí yóò máa léfòó wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹrù ti pé. Wọ́n á ki ìwọ̀ bọ ekòló láti ibi orí, wọ́n á sì fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó lè máa jà nínú omi. Ìrù tó ń jà yẹn ni ẹja ń wá.

Ní Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ibi ló wà lórí odò Test àti odò Itchen tí ẹni tó bá gbé irú agolo bẹ́ẹ̀ dé etí omi yóò ti gbọ́ pé kó máa padà lọ. Ẹja trout ni wọ́n ń pa níbẹ̀, kòkòrò àtọwọ́dá nìkan ni wọ́n sì fọwọ́ sí. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe é, torí pé ó le, kì í tètè mumi. Wọ́n á fi òwú wé ẹ̀yìn ìwọ̀ tín-ín-rín, wọ́n á yí ìyẹ́ náà po nítòsí ojú ìwọ̀, irun rẹ̀ á sì yọ yíká ṣánṣán, á dà bí ẹsẹ̀ eṣinṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà sójú omi. Kò sí nǹkan jíjẹ kankan níbẹ̀. Ẹ̀tàn gbáà ni.

Ẹ̀tàn náà sì ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan, ṣàpèjúwe bí àwọn ará Makedóníà ṣe ń fi irun àgùntàn pupa àti ìyẹ́ àkùkọ wé ìwọ̀ láti fi mú ẹja alámì tótòtó nínú odò Astraeus. Nígbà tí Izaak Walton tẹ ìwé rẹ̀ tó lókìkí lórí ẹja pípa jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1653, ọmọ ẹgbẹ́ ekòló lòun alára. Charles Cotton, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló wá kọ apá tó jinlẹ̀ lórí kòkòrò àtọwọ́dá kún un lọ́dún 1676. Ìgbéraga ò tíì wọ ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló wọ̀ ọ́, nígbà tí Frederic Halford àtàwọn tó ń tẹ̀lé e sọ pé kòkòrò tó léfòó nìkan ló yẹ ọmọlúàbí. G.E.M. Skues tẹ ìwé jáde lọ́dún 1910 pé èyí tó rì sábẹ́ omi náà ò burú, torí pé abẹ́ omi ni trout ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí le débi pé wọ́n pe ìpàdé lé e lórí ní ẹgbẹ́ àwọn apẹja ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1938. Àgbà ọkùnrin jókòó, wọ́n ń jà lórí bóyá ìyẹ́ rì tàbí kò rì! Ẹ jẹ́ ká má tíì rẹ́rìn-ín, torí pé ohun tó ń fa ìjà yẹn kì í ṣe ìgbéraga nìkan.

Ojú ni trout fi ń jẹun. Omi tútù tó mọ́ gaara ló ń gbé, ó máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ó sì máa ń wo ohun tí omi bá gbé kọjá lórí rẹ̀. Bí irú kòkòrò kan bá ń jáde lọ́jọ́ kan, ó lè tẹra mọ́ ọn débi pé kò ní bojú wo òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ fi lè tàn án.

Ẹja àrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló ní lẹ́nu, ojú rẹ̀ kéré, òru ló sì sábà máa ń jẹ̀. Ó ń fi irùngbọ̀n wá ilẹ̀ odò kiri, ó ń gbóòórùn, ó ń tọ́ omi wò. Ìyẹ́ àkùkọ tó dára jù lọ ní Hampshire lè kọjá níwájú rẹ̀ nínú omi pupa oṣù Ògún, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wá. Òórùn ló mọ̀. Àwọn apẹja kan ní Nàìjíríà kì í tilẹ̀ wá ekòló rárá. Ègé ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ń fi sẹ́nu ìwọ̀, ẹja onírùngbọ̀n á sì wá gbé e. Ta ló máa kó ọṣẹ lọ bá trout?

Jíju ìwọ̀ sómi náà tún ní tirẹ̀. Ekòló wúwo, òjé kékeré tí wọ́n so mọ́ okùn sì tún kún un. Fì í, ó ti lọ. Ìyẹ́ ò wúwo rárá, nítorí náà okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó nípọn, òun ló ń gbé kòkòrò èké náà lọ. Apẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ju okùn sẹ́yìn títí yóò fi nà tán lókè, kó tó dá a padà síwájú. Etí odò Test jẹ́ pápá gbalasa. Ní apá Ìlá, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹmu, igbó àti ìtàkùn ló sábà máa ń bo etí omi. Ẹni tó bá ju okùn sẹ́yìn níbẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ló máa pa bọ̀.

Trout gan-an kò lè gbé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí omi bá ti kọjá 20°C, ara kì í rọ̀ ọ́ mọ́. Bó bá sún mọ́ 25°C, ikú ti ń wò ó. Àwọn odò wa ti gbóná ju ìyẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dún, yálà omi tó ń já láti òkè ní Àyìkúnugbá ní Òkè-Ìlá ni tàbí èyí tó ń ya kọjá nínú oko. Àwọn òyìnbó tó kó o láti Scotland wá sí Kenya lọ́dún 1905, odò orí òkè Aberdare tó tutù ni wọ́n dà á sí.

Ṣùgbọ́n òjò kì í ṣe ojúsàájú. Bó bá rọ̀ gidi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí omi odò di pupa bíi tiwa, ojú trout náà kì í ríran jìnnà mọ́, àwọn apẹja tí òfin ò dí lọ́wọ́ a sì yáa padà sídìí ekòló láìtijú. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì mú kí omi wa mọ́, epìyà máa ń rí kòkòrò wẹ́wẹ́ mú jẹ. Ìyẹ́ kékeré lè rí ẹja tàn níbẹ̀, bí àyè bá wà lẹ́yìn apẹja.

Ohun tó kù ni ibi tí ẹja ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá mú un. Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Taylor àti White, kó ìwádìí tí àwọn mìíràn ti ṣe lórí trout tí wọ́n mú tí wọ́n sì tú sílẹ̀ jọ. Nínú èyí tí wọ́n fi ìjẹ mú, nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú èyí tí wọ́n fi kòkòrò àtọwọ́dá tàbí irú rẹ̀ mú, kò ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Ìdí rẹ̀ ò farasin: ẹja tó bá rí ekòló á gbé e mì wọ ọ̀nà ọ̀fun, ìwọ̀ á sì ya á nínú, èyí tó bá bu ìyẹ́ jẹ á tètè mọ̀ pé irọ́ ni, ètè ni ìwọ̀ á ti mú un. Níbi tí wọ́n ti ń mú ẹja tí wọ́n sì ń dá a padà sómi, òfin tó lé ekòló lọ tọ̀nà.

Ní Ìlá ńkọ́? Ẹni tó bá pa àrọ̀ tó tún jù ú padà sódò, ilé ni wọ́n á ti bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ìkòkò ni ẹja ń lọ, nítorí náà ìwọ̀ tó wọ ọ̀fun ò dun ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọn kì í ti í pa ẹja lọ́dọ̀ wa, wọn kì í pa á rárá: nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sára ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2005, kò sí ekòló, kò sí ìyẹ́.

Ọmọ Ìlá tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọwọ́ ń yún un lè pa ẹja níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, kó sì tún gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni omi. Ọ̀pọ̀ adágún ló wà tí wọ́n ti fàyè gba ekòló. Tó bá jẹ́ odò trout ni, kó béèrè kó tó ṣí agolo.