Ọ̀gá Fi Jùjú Sílẹ̀, Àwọn Ọmọ Ẹ̀yìn Ńkọ́?

Lọ́dún 1964 ni Ebenezer Obey, Kọmáńdà wa, dá International Brothers sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó padà di Inter-Reformers. Nígbà tó di 1992, ó dá Decross Gospel Mission sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ìwàásù. Wọn ò tíì bí mi. Màmá mi láti Odígbó, tí wọ́n ń ta búrẹ́dì fún èrò ọkọ̀ l'Orè, ní ṣe ló dà bíi pé èèyàn àwọn kan kú.

Ti màmá yé mi. Ti onígìtá àti onígángan ni mò ń rò. Bí télọ̀ bá ti ṣọ́ọ̀bù lónìí, tó lóun ń lọ wàásù, àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run pe ọ̀gá, ó dáa. Ta ló pe àwọn yẹn?

Mo bi màmá. Wọ́n ní kí n yé yọ àwọn lẹ́nu, kí n yí rédíò sókè, Kọmáńdà ló ń kọrin.