Ìdérí Ẹnu Táyà Tí Ń Tan Iná

  Ọ̀rọ̀ nípa ohun kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ohun náà kò tóbi ju orí ìka lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe.

Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá títì ní Atakpamé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ó rí i. Alùpùpù kan á máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè. Iná aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ búlúù á máa yí po lára ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òrùka. Àwọn ọmọdé á pariwo, wọ́n á ní àwọn rí idán. Kì í ṣe idán. Ìdérí ẹnu táyà tí ń tan iná ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn rẹ̀, àwọn awakọ̀ kan náà fẹ́ràn rẹ̀. Èmi pẹ̀lú ní alùpùpù tí mo ń gùn lọ sí oko àti ọjà, mo sì fẹ́ràn ohun tó dára lójú. N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má rà á. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ mọ èyí tí ẹ ó rà, kí ẹ sì mọ bí ẹ ó ṣe fi sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹnu táyà fúnra rẹ̀. Òun ni ibi tí a ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ó dà bí ọ̀pá kékeré tí inú rẹ̀ ṣófo. Ní àárín rẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà bí abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá tẹ irin yìí, atẹ́gùn á jáde, ẹ ó gbọ́ ṣíí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á padà sí àyè rẹ̀, ẹnu táyà á sì pa dé. August Schrader ni orúkọ ẹni tí a fi ń pe irú ẹnu táyà yìí. Jámánì ni a ti bí i, ṣùgbọ́n New York ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣiṣẹ́. Ní 1893 ni ìjọba Amẹ́ríkà fúnni ní ìwé ẹ̀rí lórí irú ẹnu táyà yìí. Ó ti lé ní 100 ọdún báyìí, síbẹ̀ irú rẹ̀ náà ló wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti alùpùpù tí ń gba ìlú wa kọjá.

Kí wá ni iṣẹ́ ìdérí? Iṣẹ́ méjì ni. Èkíní, kì í jẹ́ kí erùpẹ̀, omi àti ẹrẹ̀ wọ ẹnu táyà. Ẹ mọ erùpẹ̀ pupa ọ̀nà oko wa. Ẹ mọ bí ó ti ń fò nígbà ọyẹ́, tí ó sì ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Bí ìyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bá há sí ẹ̀gbẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹnu táyà kò ní lè pa dé dáadáa mọ́. Iṣẹ́ kejì ni pé ìdérí tó ní rọ́bà nínú ń ran ẹnu táyà lọ́wọ́ láti pa atẹ́gùn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni atẹ́gùn ń jáde. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ a máa gbóná, a máa rọ̀ lábẹ́ ẹrù, ó sì lè bẹ́ lójijì lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan yìí sọ́kàn: ìdérí ni kí ó kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di ọ̀ṣọ́. Èyí tó ń tàn ṣùgbọ́n tí kò lè dé ẹnu táyà kò wúlò fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń fi alùpùpù gbé èrò, ó jẹ́ zémidjan. Ó ra ìdérí oníná méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà, ó sì fi wọ́n sí i ní ìrọ̀lẹ́. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí ó gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìyá kan tó fẹ́ lọ ta iṣu. Nígbà tí wọ́n dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, táyà ẹ̀yìn ti rọ̀. Alùpùpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́, ó sì ṣubú. Iṣu yí lọ sínú kòtò. Ìyá náà fi ọwọ́ gbalẹ̀, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Odidi oṣù méjì ni kò fi lè gún iyán fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a tú ìdérí náà wò, a rí ohun kan tó yọ jáde nínú rẹ̀ bí eyín. Eyín náà ló ń tẹ irin inú ẹnu táyà láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Ìdérí tó yẹ kó ti ilẹ̀kùn ló ń ṣí i sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè béèrè pé, kí ló wà nínú ìdérí oníná? Bátìrì kékeré wà níbẹ̀, tó dà bí bọ́tìnnì aṣọ. Iná kékeré wà níbẹ̀. Ohun kan tún wà tó ń jẹ́ kí iná tàn nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń mì tàbí tó bá ń yí. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń mú kí ó wúwo ju ìdérí lásán lọ.

Ẹ má sọ pé ìwúwo yẹn kò tó nǹkan. Ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn, kí ẹ máa fì í yí ká. Ẹ ó rí i bí ó ṣe ń fa ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ṣe ń fì í kíákíá tó ni yóò ṣe máa fà tó. Bí ọkọ̀ kékeré bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí ju ìgbà 8 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní eré yẹn, ìdérí tó wúwo tó gíráàmù 10 á máa fa ẹnu táyà bí ẹrù tó ju ìlàjì kílò lọ. Rọ́bà ni ọ̀pọ̀ ẹnu táyà ọkọ̀ kékeré. Bí rọ́bà bá gbó, ìdí rẹ̀ a máa sán. Bí ẹ bá wá so ẹrù mọ́ ọn, ó lè ya.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má kánjú. Ẹ yẹ nǹkan mẹ́fà wò.

Èkíní, ẹ wò ó bóyá ó bá ẹnu táyà yín mu. Ti ọkọ̀ àti ti alùpùpù sábà máa ń dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹnu táyà àwọn kẹ̀kẹ́ kan tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ má fi agbára tì í.

Èkejì, ẹ wo inú rẹ̀. Rọ́bà roboto kékeré gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí eyín tó yọ síta ní àárín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ gbé ìdérí lásán lé èkejì. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú àwọn oníná ni kí ẹ mú. Bí rọ́bà ẹnu táyà yín bá ti gbó, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ pílásítíìkì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó ń ti èbúté Lomé wọlé ló ní ẹnu táyà tí a fi irin fúyẹ́ ṣe, irú irin tí a fi ń ṣe ìkòkò funfun. Bí ìdérí onírin mìíràn bá pẹ́ lórí rẹ̀, tí omi sì ń kàn wọ́n, àwọn méjèèjì á jẹ ara wọn, wọ́n á sì lẹ̀ pọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹnu táyà lè kán sí yín lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi èékánná gbìyànjú láti ṣí ibi tí bátìrì wà. Bí ó bá ṣí kíákíá fún yín, yóò ṣí kíákíá fún ọmọ yín náà.

Ẹ̀kẹfà, ẹ wo àwọ̀ iná rẹ̀. Ní 1968, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú Vienna, wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn lórí ìrìnnà ọkọ̀. Ìwé náà kò fẹ́ kí ọkọ̀ fi iná pupa hàn sí iwájú. Ìdí rẹ̀ ni pé iná pupa ń sọ fún wa pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a ń wò. Ẹ má fi iná pupa sí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ má sì lo iná búlúù tó ń ṣẹ́jú, kí ènìyàn má baà rò pé ọkọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ aláìsàn ló ń bọ̀.

Ó ku bí a ó ṣe fi sí i. Ẹ dúró sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí táyà tutù. Ẹ fi aṣọ nu ẹnu táyà, kí erùpẹ̀ má baà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn atẹ́gùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, àǹfààní yín rèé. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ iye atẹ́gùn tó yẹ sí. Ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ìyẹn ń sọ ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹ kán omi ọṣẹ sí ẹnu táyà kí ẹ tó dé e. Bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ̀ táyà kí ó tún un ṣe. Ìdérí kì í ṣe oògùn fún ẹnu táyà tó bàjẹ́. Bí kò bá hó, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wá fi ìka yí ìdérí náà sí apá ọ̀tún títí yóò fi dúró. Ìka nìkan ni kí ẹ lò, ẹ má lo irin kankan. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ṣíí, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ alùpùpù, ẹ gbé e dúró, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ rí i pé ìdérí náà kò kan bíréèkì, kò kan ṣéènì, kò sì kan irin tó di ẹsẹ̀ mú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún wọn atẹ́gùn. Bí ó bá ti dín kù, ẹ yọ ìdérí náà, kí ẹ dá ti àtijọ́ padà. Nítorí èyí, ẹ má sọ ìdérí àtijọ́ nù.

Mo ń bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Ọmọ kékeré kì í rí ohun tó ń dán kó má fi sẹ́nu. Bí ọmọ bá gbé bátìrì kékeré mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ má dúró pé kí ó sunkún. Ẹ má fún un ní ohun tí yóò mú kí ó bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé bátìrì ni. Àwọn àgbà ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bátìrì tó ti kú pàápàá ṣì lè ṣe ọmọ léṣe. Ẹ má jù ú sí àgbàlá, ẹ má sì sọ ọ́ sínú iná, nítorí ó lè bẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Iná ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe iná ojú ọkọ̀. Ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lè rí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti Sokodé lóru lè má rí i bó bá wà lẹ́yìn yín gan-an. Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ kọ́kọ́ tún iná iwájú àti iná ẹ̀yìn ṣe. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ wá ra ọ̀ṣọ́.

Ní ọ̀la, kí ẹ tó jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ẹnu táyà yín. Bí kò bá ní ìdérí kankan, ẹ wá ọ̀kan fún un, ìbáà tan iná, ìbáà má tan iná. Bí ọ̀dọ́ kan bá wà nílé yín tó ń gun alùpùpù, ẹ pè é jókòó, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sí i létí. Ọ̀nà á gbà yín o.