Lẹ́tà láti Àbíjàn lórí ẹ̀rọ ìkàwé ọmọ

Treichville, Àbíjàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Lórí Kindle àbí táblẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bi mí, fún ọmọ wa tó ń múra WAEC àti JAMB, táblẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ rà.

Kì í ṣe pé Kindle ò dára. Ojú rẹ̀ kì í dunni lójú, èèyàn lè kà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ìgbà téèyàn bá ṣí ojú ewé ni ojú rẹ̀ ń jẹ iná jù, torí náà cháàjì ẹ̀ẹ̀kan lè gbé e ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kò sì sí WhatsApp tí yóò máa fa ọmọ kúrò nídìí ìwé.

Àmọ́ ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, táblẹ́ẹ̀tì iléèwé tí Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé jáde l'Ọ́ṣun lọ́dún 2013. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò ni. Èrò yẹn wú mi lórí, ó sì ń dùn mí dòní pé kò tọ́jọ́. Ní Gánà náà, àjọ Worldreader pín Kindle fáwọn ọmọ iléèwé lọ́dún 2010. Nǹkan bí 40 nínú 100 ló bàjẹ́. Nígbà tó yá, orí fóònù ni àjọ náà ń kó ìwé sí.

Bí ojú Kindle bá fọ́, ta ló máa bá yín tún un ṣe l'Éjìgbò? Ìwé PDF táwọn tíṣà ń fi ránṣẹ́ ńkọ́? Àwòrán kẹ́mísìrì inú rẹ̀ á kéré bí ẹsẹ̀ èèrà lójú ẹ̀rọ kékeré yẹn. Látọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò JAMB, ọmọ sì gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè tí aago ń sáré lé lórí dánra wò. Kindle ò lè ṣe ìyẹn.

Ẹ ra Android tí àwọn atúnfóònùṣe mọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má fi SIM sí i rárá. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fi hotspot fóònù tiyín kó ìwé ọ̀sẹ̀ náà sí i níṣojú yín, kẹ́ ẹ sì pa hotspot náà. Ọpọ́n Ìmọ̀ tiwa nìyẹn. Ẹ ra power bank mọ́ ọn nítorí iná. Ìwé lítíréṣọ̀ ní tiẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ni kẹ́ ẹ rà fún un.

Owó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ mọ́tò Èjìgbò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mú ọmọ náà dání lọ sọ́jà, kó fojú ara rẹ̀ wò ó bóyá lẹ́tà inú táblẹ́ẹ̀tì náà tóbi tó o láti kà.

Èmi ni,
Àbúrò yín.