Kí A Tó Gbé Ọkọ̀ Sókè, Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́kọ́ Wọ̀n Ọ́n

Àwọn àgbà ní: igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò jìnnà sí òwe yìí. Ó jẹ mọ́ àṣà tí ó gbòde láàárín àwa ọlọ́kọ̀, pé kí a máa gbé ara ọkọ̀ sókè nítorí kòtò àti gegele. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, nítorí pé àwa náà ti ṣe é nílé wa. Ohun tí mo ń wí ni pé gíga ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ibi kan ni yóò ti gba owó rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní Ṣakí, ìyàwó mi sì ń ṣòwò iṣu. Toyota 4Runner tòkunbọ̀ kan, èyí tí wọ́n ṣe ní 1999, ni a fi ń kó iṣu láti oko wá sí ọjà. Ọkọ̀ yìí kan náà ni àwọn ará abúlé tí a ti ń ra iṣu máa ń ránṣẹ́ sí bí aboyún bá ń rọbí lóru. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà abúlé náà. Bí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti dé, àwọn lọ́rì á fi táyà gbẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gegele á sì yọ láàárín bí ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ wa há sórí gegele yìí, tí iṣu sì sùn sínú òjò.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ kí a gbé ọkọ̀ yìí sókè kí owó mi má baà wọlẹ̀." Mẹkáníìkì ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa ní ínṣì mẹ́rin ni òun yóò gbé e, pé yóò dà bí ọkọ̀ sójà. Ó ti kó sípésà sílẹ̀, àwọn òrùka irin tí a ń fi sórí sípíríńgì, mẹ́ta-mẹ́ta lórí ara wọn fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó ní sùúrù, mo sì wa ọkọ̀ náà lọ bá àgbà mẹkáníìkì kan tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Bàbá náà kò mú irinṣẹ́ kankan. Ó kọ́kọ́ bi mí pé, "Tíṣà, kí ni ó ń há lábẹ́ ọkọ̀ yín gan-an?" Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì fi ibi tí amọ̀ ti họ irin hàn mí. Kókó irin ńlá tí ó wà láàárín igi irin tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ wò ó, táyà ni ó gbé èyí, kì í ṣe sípíríńgì. Bí ẹ bá gbé ara ọkọ̀ dé òrùlé, kókó yìí kò ní kúrò níbi tí ó wà. Táyà tí ó ga nìkan ni ó lè gbé e. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó fi ínṣì kan ga sí i, táyà náà gbọ́dọ̀ fi ínṣì méjì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ìdajì táyà ni ó wà nísàlẹ̀ igi irin náà."

Lẹ́yìn èyí, ó mú tépù, ó wọ̀n láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ tí ó wà lókè rẹ̀, ó sì wọ̀n irú ọkọ̀ kan náà tí sípíríńgì rẹ̀ ṣì dára. Ẹ̀yìn tiwa fi ínṣì kan àti ààbọ̀ rẹlẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yín kò kúrú o, iṣu ni ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Níbẹ̀ ni mo ti mọ ìyàtọ̀ sípíríńgì àti sípésà. Sípíríńgì ní í ru ẹrù. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, kò sí òrùka tí ó lè dá agbára rẹ̀ padà. Sípésà kàn ń tì í lọ síwájú ni. Níwájú irú ọkọ̀ wa, sípíríńgì àti ṣọ́ọ̀kì wà pa pọ̀, ẹsẹ̀ wọn sì jókòó sí nǹkan bí àárín apá irin tí ó di táyà mú. Nítorí náà, òrùka ínṣì kan lórí wọn lè gbé iwájú ọkọ̀ ní nǹkan bí ínṣì méjì. Ẹ wá ro ohun tí mẹ́ta lórí ara wọn yóò ṣe! Irin tí ń yí táyà iwájú á tẹ̀ kọjá ààlà, rọ́bà tí ó bo gírísì rẹ̀ á ya. Sitíárìn kò ní dúró lójú kan. Okùn bíréèkì á nà. Iná iwájú á máa fọ́ ẹni tí ń bọ̀ lójú.

Èyí tí ó burú jù ni pé ọkọ̀ tí ó ga tètè ń ṣubú. Ẹni tí ó ru apẹ̀rẹ̀ gíga kò lè yí padà kíákíá bí ẹni tí ó ru àwo pẹrẹsẹ. Aboyún tí a ń sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ bá wa dojú dé ní kọ́nà.

Ohun tí a ṣe nìyí. A pààrọ̀ sípíríńgì ẹ̀yìn sí tuntun tí ó le, tí ó sì fi díẹ̀ ga ju ti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí ó gùn tó o. A fi òrùka kan ṣoṣo, tí kò tó ínṣì kan, sí ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan. A pààrọ̀ táyà 265/70R16 sí 265/75R16, èyí tí ó fi bí ínṣì kan ga jù ú lọ. Kókó irin ẹ̀yìn sì fi ààbọ̀ ínṣì gòkè. A tún táyà àti iná iwájú tò. Nísinsìnyí, bí aago bá ní 100 ni a ń sá, a ti ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí táyà ńlá. Mo sì fi òfin lélẹ̀ pé iṣu kankan kò gbọ́dọ̀ gun orí òrùlé ọkọ̀ mọ́. Ìyàwó mi kùn, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ọ̀nà abúlé náà kò tíì di títì o. Bí òjò bá pọ̀ jù, a ń dúró kí ilẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń kọjá lọ́jọ́ púpọ̀ tí kì í kọjá tẹ́lẹ̀, a sì ti gbé aboyún méjì dé ilé ìwòsàn láìsí ewu.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò gbé ọkọ̀ yín sókè, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ó ń há? Ṣé sípíríńgì kò tíì rẹlẹ̀? Kí ni a ó tún tò lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ sì fi ṣọ́bìrì kan sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà mìíràn, ó sàn kí a gé gegele lulẹ̀ ju kí a máa gbé ọkọ̀ sókè lọ.