Owó Kòkó: Ta Ló Ni Ín?

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé iwájú yín. Tí wọ́n bá ta kòkó tán, ta ló ni owó rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ka iṣẹ́ rẹ̀ ná. Bàálé mi ló ń roko, òun ló ń fín oògùn, òun ló ń já kòkó lórí igi. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Èmi àti àwọn ọmọ la ń fọ́ ọ. À ń kó kóró rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, à ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó lè kan, a sì ń yí i padà. Lẹ́yìn náà la óò sá a sóòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí òjò bá ṣú, à ń sáré ni. Èyí tí kò bá kan dáadáa, ẹ là á wò, inú rẹ̀ á ṣe bí elésè àlùkò. Èyí tó bá kan á pọ́n rúsúrúsú.

Láyé ìgbà tí Bọ́ọ̀dù ìjọba ń ra kòkó, wọ́n a máa là á wò báyìí kí wọ́n tó fún un ní gíréèdì. Nígbà tí wọ́n fòpin sí Bọ́ọ̀dù náà ní 1986, ẹni tó wu ẹnikẹ́ni ló ń rà á, ọ̀pọ̀ wọn ò sì wo inú rẹ̀ mọ́.

Ní 2024, nígbà tí kòkó ò so dáadáa ní Gánà àti Ivory Coast, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Háà! Àwọn tó ń rà á ń tọ̀ wá wá sílé, kódà wọ́n ní àwọn á gba èyí tí kò tíì gbẹ. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin ní ká tà á pátá. Ọmọ mi obìnrin ní ó tì o, ká yọ àpò méjì sílẹ̀, ká yan án nínú agbada gààrí, ká fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ká lọ̀ ọ́, ká máa tà á fún àwọn tó ń mu tíì.

Ìjà dé. Àbúrò ọkọ mi kan ní ilẹ̀ ẹbí ni, obìnrin ò ní ìpín níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọkọ mi, mi ò bá yín du ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ilẹ̀ ló ń dìde lóru láti kó kòkó wọlé tí òjò bá ń bọ̀?" Kò sẹ́ni tó fèsì.

Bàálé mi ní, "Ẹ mú ìwé wá." A kọ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, ríroko, fífọ́, sísá àti lílọ̀, pẹ̀lú ìpín ẹni tó ń ṣe é. Iṣẹ́ lílọ̀ di ti èmi àti ọmọ mi. Kòkó tí a bá lọ̀, iye tó bá jẹ́ lọ́jà la óò san fún bàálé mi, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Kò rọrùn o. Ọ̀rá wà nínú kòkó, ẹ̀rọ ata ò fẹ́ ẹ. Onílọta àkọ́kọ́ lé wa jáde. Owó àjọ la fi ra ẹ̀rọ kékeré tiwa. Ó máa ń jáde bí ẹrẹ̀, tó bá tutù, á le, a óò sì mọ ọ́n róbótó-róbótó fún títà.

Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní 2025, ó dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n róbótó wa kò já bí ti inú àpò. Òun la fi san owó ilé ìwé ọmọ tó kẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́. Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ilẹ̀ ọkọ, ọmọ ló ń jogún. Àárò ni wọ́n á bá ọ lọ́jọ́ tí bàálé ò bá sí mọ́, kò sì sí ẹni tó máa ka ọjọ́ tóo ti lò nídìí kòkó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, nígbà tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pọ̀, tí ọkọ sì wà níbẹ̀ tó lè sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníkòkó, Alajue, Ẹdẹ.