Àwo Ajá Lẹ́sẹ̀ Òkè

Ní Ìdáàṣà, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, orí àpáta ni wọ́n ti ń sá nǹkan. Wọ́n ń sá gbódó síbẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Wọ́n ń sá gbàgúúdá, wọ́n ń sá àgbàdo. Òkè 41 ni wọ́n máa ń kà mọ́ ìlú náà lára, ẹni tó bá sì ti fẹsẹ̀ lásán tẹ ọ̀kan nínú wọn lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀ mọ ìdí tí nǹkan fi ń tètè gbẹ níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá wà lórí àpáta, ẹyẹ ti rí i kí èèyàn tó rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ọmọdé kan ti gbódó, pẹ̀lú ẹ̀ka igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni wọ́n máa wá fi ti oúnjẹ ajá?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òkè náà ló gbé ọ̀rọ̀ yìí kò mí lójú. Ó ra ajá kí ó lè máa ṣọ́ ilé, torí òun àti ọkọ rẹ̀ kì í sí nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kó tó jáde, á ro ọkà, á da ọbẹ̀ àná lé e, á fi orí ẹja sí i, á gbé àwo sẹ́nu ọ̀nà. Ajá á jẹ díẹ̀, á lọ sùn síbi òjìji. Kó tó jí, kannakánná ti gbé orí ẹja lọ, àwọn ẹ̀gà ti ṣa èérún ọkà, àdàbà ti dé ibi tí ìyókù fọ́n ká sí. “Àbúrò,” ó ní, “ṣé ajá ni mò ń bọ́ ni, àbí sàráà ni mò ń ṣe fún ẹyẹ?”

Nínú gbogbo wọn, kannakánná ni ọ̀gá. Kì í ṣe ẹyẹ inú igbó. Ibi tí èèyàn bá wà ni ó ń bá wọn gbé. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn Kátólíìkì bá rọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo nílùú náà fún ìrìn-àjò mímọ́ tó ti ń wáyé níbẹ̀ láti ọdún 1954, kannakánná á ti mọ ibi tí àjẹkù wà kí àwọn agbálẹ̀ tó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbìyànjú. Ó ta okùn inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sókè àwo, bí àwọn onírẹsì ti ń ṣe lóko, kí ó lè máa dán kí ó sì máa dún nínú afẹ́fẹ́. Ó so agolo. Ó gbé ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ kọ́ igi. Irú nǹkan báyìí máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyẹ bá rí i pé ìjayà náà kò bí nǹkan kan, orí ẹ̀wù yẹn gan-an ni yóò bà lé. Ní ọdún 2006, onímọ̀ nípa ẹyẹ, John Marzluff, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, da ìbòjú bojú, wọ́n mú méje nínú àwọn ẹyẹ tó jẹ́ ìbátan kannakánná, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìbòjú yẹn wọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ẹyẹ á pariwo lé e lórí, títí kan àwọn tí wọn kò mú rí. Ẹni tó bá ń sọ òkò sí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọn yóò mọ̀. Nígbà tó bá sì ti lọ sọ́jà, wọ́n mọ̀ pé kò sí nílé.

Ajá tí mo mọ̀ ní kékeré kò ní àwo tó ń sùn síta. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń jẹun alẹ́, wọn á ju òkèlè fún un, á gbé e mì kí ó tó kanlẹ̀. Lásìkò yẹn, kannakánná ti lọ sórí igi tí wọ́n ń sùn sí, ẹ̀gà ti wọ inú ìtẹ́. Òwìwí nìkan ló kù lójúfò, òwìwí kì í sì í jẹ ọkà. Ní tèmi, àwo tó ń dá wà níta látàárọ̀ ló pe ẹyẹ. Ajá tó ti dàgbà tí ara rẹ̀ dá kò nílò ju kí ó jẹun láfẹ̀mọ́jú, kí ó sì tún jẹ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Omi nìkan ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láàárín. Bó bá ti kúrò nídìí àwo, kí wọ́n gbé e wọlé, ì báà tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Lábẹ́ oòrùn Ìdáàṣà, ọkà tí wọ́n da ọbẹ̀ lé kì í pẹ́ kan, eṣinṣin kì í sì í dúró de ìpè.

Àmọ́ ká má tan ara wa: ẹyẹ tó ń jẹ oúnjẹ ajá jù nílẹ̀ wa kì í fò. Adìẹ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń na ajá nítorí adìẹ, nítorí náà bí àgbébọ̀ bá kó ọmọ dé ìdí àwo, ajá á yẹ̀ fún un, á máa wò. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Àrùn tí wọ́n sọ orúkọ ìlú Newcastle mọ́, èyí tó ń pa adìẹ ilé lọ rẹpẹtẹ nígbà ọyẹ́, máa ń gba inú ìgbẹ́ ẹyẹ wọ oúnjẹ àti omi. Ẹyẹlé wà lára àwọn tó lè gbé e wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1 wọ Benin. Kò sì yọ ajá sílẹ̀ pátápátá: ní ọdún 2023, ajá kan kú ní Oshawa, ní Kánádà, lẹ́yìn tó jẹ ẹyẹ gúúsì igbó kan tó ní in. Ó ṣọ̀wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwo tí ẹyẹ oko, adìẹ àti ajá jọ ń jẹ kò yàtọ̀ sí ọjà fún àrùn.

Ẹyẹ kan wà tí n kì í bínú sí, òun sì ni kì í wá mọ́. Igún tí a mọ̀ sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ti di ohun tí à ń wá kiri. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Àwọn àgbà kì í pa igún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìṣègùn á rí orí igún lórí àtẹ. Ní Guinea-Bissau, láàárín ọdún 2019 sí 2020, májèlé pa igún tó lé ní 2,000, orí wọn ni àwọn tó pa wọ́n sì ń wá.

Ibi tí igún bá ti tán, èèyàn náà á jẹ nínú rẹ̀. Ní Íńdíà, oògùn kan tí wọ́n ń fún màlúù, diclofenac, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn igún tó ń jẹ òkú màlúù tán. Òkú màlúù wá wà nílẹ̀, ajá ìgboro sì rí oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn du. Ajá pọ̀ sí i, dìgbòlugi pọ̀ sí i, omi sì bàjẹ́. Ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn ní ọdún 2006. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, gbé jáde ní ọdún 2024, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló ti ìdí àìsí igún kú láàárín ọdún 2000 sí 2005.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ní bí igún bá bà sẹ́bàá àwo ajá lọ́jọ́ kan, kí ẹ má ṣe mú ìgbálẹ̀ o. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní òun ti ń bọ́ ajá òun lálẹ́ báyìí. Igún tó bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀, kó tètè dé.